Wáàtì Kọ́ Ló Ń Pariwo

Ẹni tó bá fẹ́ kí ampilifáyà gìtá àtijọ́, irú èyí tó ń lo valve onígíláàsì, túbọ̀ pariwo, wáàtì ló sábà máa ń lé. Ìṣirò kò gbè é lẹ́yìn. Bí wáàtì bá di ìlọ́po méjì, dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 3 péré ló fi lé; etí á mọ̀ ọ́n, àmọ́ kò tó nǹkan. Sípíkà tó já fáfá lè mú ju bẹ́ẹ̀ wá. Kí ohùn máa han ní tirẹ̀, ọwọ́ àwọn valve tí ohùn gìtá kọ́kọ́ ń gbà kọjá ló wà: a lè fi ìpele kan kún wọn. Àpẹẹrẹ àtúnṣe ẹ̀rọ kan rèé: ní Kalifọ́níà, Randall Smith gbé ètò iná ampilifáyà Fender Bassman sínú àpótí ampilifáyà Fender Princeton kékeré, ó sì ki sípíkà íǹṣì 12 bọ̀ ọ́; ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ ampilifáyà Mesa/Boogie ti ṣẹ̀.

Àwọn kan á ní irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ ń dín owó ògbólógbòó ẹ̀rọ kù. Òótọ́ ni, pàápàá bí wọ́n bá lu ihò tuntun sára irin rẹ̀. Ṣùgbọ́n kàpásítọ̀, ẹ̀yà tó ń tọ́jú iná pamọ́, kì í ṣe ohun ìṣúra mọ́ bó bá ti gbẹ. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kí onímọ̀ kọ́kọ́ fa iná inú rẹ̀ tán o, torí fólítì 400 lè ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ẹ̀rọ náà lára iná.