Ọjọ́ orí kọ́ ló ń dá èémí dúró lórí kẹ̀kẹ́

Ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún, tó jẹ́ pé orí àga ló ti ń ṣiṣẹ́, tí mọ́tò ń gbé lọ tó sì ń gbé bọ̀, kì í pẹ́ lórí kẹ̀kẹ́ ológeere kó tó mọ ibi tí ara rẹ̀ dé. Kó tó lo ìṣẹ́jú 10, àyà rẹ̀ ti ń lù kìkìkì, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, itan rẹ̀ sì ń ta á bí ẹni pé wọ́n fi ata pa á. Ohun tó máa ń sọ sí i lọ́kàn ni pé ó ti pẹ́ jù, pé àwọn tó ti ń gùn ún láti kékeré ni nǹkan náà wà fún. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ohun tí àwọn onímọ̀ nípa ara ti rí láti nǹkan bí 60 ọdún sẹ́yìn, ọjọ́ orí kọ́ ni ká mú. Eré àsápajúdé tí olùbẹ̀rẹ̀ ń sá lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni ká mú.

Ẹ̀rí tó lágbára lórí èyí wà nínú iṣẹ́ ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní HERITAGE Family Study. Claude Bouchard, onímọ̀ ọmọ Kánádà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì mélòó kan ní Kánádà àti Amẹ́ríkà ló ṣe é ní àwọn ọdún 1990. Tẹbítẹbí ni wọ́n kó àwọn ènìyàn wọlé, tòbí tọmọ, aláwọ̀ funfun àti aláwọ̀ dúdú, láti ọmọ ọdún 17 títí dé ẹni ọdún 65. Kò sí ẹni tó ń ṣe eré ìdárayá déédéé nínú wọn. Wọ́n gbé wọn gun kẹ̀kẹ́ ìdárayá tí kì í kúrò lójú kan, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 20. Àwọn tó parí rẹ̀ lé ní 700.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ fojú sí. Ìṣẹ́jú 30 péré ni lẹ́ẹ̀kan, agbára tí wọ́n sì ń lò jẹ́ nǹkan bí ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ara kálukú lè ṣe. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fi kún un, tó fi jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ 14 ló tó pé ìṣẹ́jú 50 pẹ̀lú agbára ìdá 75. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: oṣù mẹ́ta ó lé kí wọ́n tó gba ènìyàn láyè láti fi agbára gùn ún fún ohun tí kò tó wákàtí kan. Ọ̀pọ̀ olùbẹ̀rẹ̀ ló ń fẹ́ ṣe èyí ní Sátidé kejì.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20, wọ́n wọn ọ́síjìn tí ara olúkúlùkù lè gbà lò ní ìṣẹ́jú kan nígbà tó bá ń fi gbogbo agbára rẹ̀ ṣiṣẹ́. VO2 max ni orúkọ òṣùwọ̀n náà, A. V. Hill, ará Gẹ̀ẹ́sì tó gba ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1922, wà lára àwọn tó gbé e kalẹ̀. Tí a bá pín in dọ́gba, ẹnì kọ̀ọ̀kan fi nǹkan bíi lítà 0.4 lé sí i, ìyẹn ju ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n bá wá lọ.

Ṣùgbọ́n ìka ò dọ́gba. Àwọn kan jèrè ju lítà 1 lọ, àwọn mìíràn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jèrè nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ṣe. Àwọn ọmọ ẹbí kan náà sábà máa ń jọra. Àwọn olùwádìí ṣírò pé àjogúnbá ló fa nǹkan bí ìdajì ìyàtọ̀ náà. Nígbà tí wọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọjọ́ orí, tàbí akọ àti abo, tàbí àwọ̀ ara, tàbí bí ara ṣe le sí ní ìbẹ̀rẹ̀ ló ń pín ẹni tó jèrè níyà kúrò lára ẹni tí kò jèrè, ipa gbogbo wọn kò tó nǹkan. Ẹni tó sún mọ́ ọgọ́ta ọdún tó jèrè púpọ̀ wà níbẹ̀, ọ̀dọ́ tí kò rí nǹkan kan mú bọ̀ náà wà níbẹ̀.

Ẹni tó bá bọ́ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí kò jèrè lè bínú. Kó má bínú púpọ̀. VO2 max kọ́ ni okun. Okun ni iye àkókò tí ènìyàn lè fi wà lẹ́nu iṣẹ́ kó tó rẹ̀ ẹ́, ìyẹn sì lè pọ̀ sí i kódà bí òṣùwọ̀n náà bá dúró sójú kan.

Kí ló ń yí padà nínú ara gan-an? Ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣáájú. Láàárín ọjọ́ mélòó kan sí ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, omi inú ẹ̀jẹ̀, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní plasma, máa ń pọ̀ sí i. Ẹ̀jẹ̀ tó ń kún inú ọkàn á pọ̀ sí i, èyí tó ń tú jáde ní lílù kan ṣoṣo á pọ̀ sí i, ọkàn kò sì ní láti lù tó ti tẹ́lẹ̀ kó tó ṣe iṣẹ́ kan náà. Ìdí nìyí tí òkè tó fẹ́ gbẹ̀mí ènìyàn ní ọ̀sẹ̀ kìíní fi máa ń rọ̀ díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹta, nígbà tí ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀ kò tíì fi bẹ́ẹ̀ lágbára sí i.

Lẹ́yìn ẹ̀jẹ̀ ló kan iṣan itan. Ní ọdún 1967, John Holloszy ní ìlú St. Louis, ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn eku tó mú sáré fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Nígbà tó yẹ iṣan ẹsẹ̀ wọn wò, agbára àwọn mitochondria inú rẹ̀ láti lo ọ́síjìn ti di ìlọ́po méjì. Àwọn nǹkan tíntìntín inú sẹ́ẹ̀lì ni mitochondria, àwọn ló ń fi ọ́síjìn sọ oúnjẹ di agbára. Ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń wò nígbà náà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ okun. Holloszy fi hàn pé iṣan ní ìpín tirẹ̀, ìpín ńlá. Èyí ń gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké tó yí iṣan ká náà ń pọ̀ sí i, ìyẹn sì lè gba oṣù.

Ẹ̀dọ̀fóró ńkọ́? Kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, nítorí pé nínú ẹni tí àìsàn kò ṣe, ó ti tó iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mímí hẹlẹhẹlẹ ń wá nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ ju ohun tí iṣan lè fi ọ́síjìn ṣe lọ. Ara á fi ṣúgà ṣe ìyókù láìlo ọ́síjìn, afẹ́fẹ́ carbon dioxide á pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ọpọlọ á sì pàṣẹ pé ká mí kíákíá láti lé e jáde. Nítorí náà, ẹni tó ń ráhùn pé èémí òun kò tó, ẹsẹ̀ ló yẹ kó fẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Ibí ni ọ̀rọ̀ eré àsápajúdé ti wọlé. Tí ènìyàn bá ń gùn jẹ́jẹ́, ọ̀rá ara ń kó ipa tó pọ̀ nínú ohun tó ń jó, ọ̀rá kò sì wọ́n lára àgbàlagbà. Tó bá ń sáré, ṣúgà tí iṣan tọ́jú pamọ́ ló ń ná, ìyẹn kò sì pọ̀. Á ti rẹ̀ ẹ́ kó tó pẹ́ lórí kẹ̀kẹ́ tó bó ṣe yẹ, ẹsẹ̀ á sì máa ro ó lọ́jọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta tí kò fi ní lè jáde. (Lactic acid kọ́ ló ń fa ríro yẹn o, bí àwọn kóòṣì kan ṣe ṣì ń sọ ọ́. Láàárín wákàtí kan tàbí méjì ló ti kúrò nínú iṣan.)

Òṣùwọ̀n tó dára jù láti mọ̀ bóyá eré ti pọ̀ jù kò ná ènìyàn ní kọ́bọ̀. Tí ẹ bá lè sọ gbólóhùn kan parí láìmí sí àárín rẹ̀, ẹ wà níbi tó yẹ. Tí ẹ bá lè kọrin, ẹ lè fi díẹ̀ kún un. Tó bá ti di ọ̀rọ̀ kan, èémí kan, ẹ dẹwọ́. Gunnar Borg, onímọ̀ ará Swídìn, ṣe ìwọ̀n kan láti 6 dé 20 tí ènìyàn fi ń sọ bí iṣẹ́ ṣe le lára òun sí. Àárín 11 sí 13 ni kí olùbẹ̀rẹ̀ máa wà. Àwọn aago ọwọ́ tó ń ka lílù ọkàn náà wúlò, àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún ìṣírò “220 yọ ọjọ́ orí” tí wọ́n sábà ń lò. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ló ti wà, ó sì lè fi lílù 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣì fún ẹnì kan.

Afẹ́fẹ́ pàápàá ń gbè sẹ́yìn ẹni tó ń rọra lọ. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, òun ló ń dá kẹ̀kẹ́ dúró jù, agbára tó ń gbà láti là á kọjá sì ń pọ̀ ju bí eré ṣe ń pọ̀ lọ fíìfíì. Láti kìlómítà 20 ní wákàtí kan bọ́ sí 25, iṣẹ́ tí ènìyàn ń bá afẹ́fẹ́ ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ìṣẹ́jú 6 péré ni èyí sì gbà padà fún un lórí kìlómítà 10.

Lórí òkè, ìwúwo ara àti kẹ̀kẹ́ ló kù. Ẹni tó bá ti Dùgbẹ̀ gun Mọ́kọ́lá rí ní Ìbàdàn mọ ohun tí mò ń wí. Jíà tó fúyẹ́ jù ni kó lò, kí ẹsẹ̀ máa yí wéréwéré, nǹkan bí ìgbà 70 sí 90 ní ìṣẹ́jú kan, kàkà kó máa fi gbogbo ara tẹ pẹ́dà. Ọ̀pọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Raleigh tí àwọn bàbá wa fi ń lọ oko kò ní ju jíà kan lọ. Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ níbi òkè, wọ́n ń tì í, kò sì sí ẹni tó pè wọ́n ní ọ̀lẹ. Bí orúnkún bá sì ń dùn yín, kí ẹ tó dá a lẹ́bi, ẹ yẹ gíga ìjókòó wò: tí gìgísẹ̀ bá wà lórí pẹ́dà nígbà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ nà tán.

Ìsinmi pọn dandan, torí àárín ìgùn kan sí òmíràn ni ara ti ń tún ara rẹ̀ ṣe. Ìdùbúlẹ̀ gbáà ni ọ̀tá. Ní ọdún 1966, ní ìlú Dallas ní Texas, Jere Mitchell, Bengt Saltin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin márùn-ún, ẹni ogún ọdún, dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. VO2 max wọn já wálẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Lẹ́yìn 30 ọdún, wọ́n pe àwọn márààrún padà. Ìwọ̀n wọn, tí a bá pín in dọ́gba, ti kúrò ní nǹkan bíi kílò 77, ó ti di 100. Síbẹ̀, VO2 max tí 30 ọdún gbà lọ́wọ́ wọn kò tó ìdajì ohun tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta orí bẹ́ẹ̀dì gbà. Wọ́n wá fún wọn ní oṣù mẹ́fà ìdárayá: ìrìn, eré sísá jẹ́jẹ́ àti kẹ̀kẹ́ ojú kan, láti kékeré títí tó fi dé nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin àbọ̀ lọ́sẹ̀. Ní ẹni 50 ọdún, wọ́n padà síbi tí wọ́n wà kí wọ́n tó dùbúlẹ̀ nígbà èwe wọn. Ọkàn wọn kò tú ẹ̀jẹ̀ jáde ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Iṣan wọn ló túbọ̀ mọ bí a ti ń fa ọ́síjìn jáde nínú ẹ̀jẹ̀.

Mo fẹ́ràn ìtàn yìí ju ti Robert Marchand lọ, ará Faransé tó gun kìlómítà 26.927 ní wákàtí kan lọ́dún 2014, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 102. Ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Àwọn ti Dallas ni ẹ̀gbọ́n tó wà ní ọ́fíìsì yín, tí ikùn ti yọ síwájú.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú 20 sí 30, lójú ọ̀nà tó tẹ́jú: ó tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ènìyàn fi ìṣẹ́jú mélòó kan kún ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nílẹ̀ wa, kùtùkùtù Sọ́ńdè dára, kí oòrùn àti dánfó tó jáde. Ẹ má fi omi ṣeré, torí inú plasma yẹn gan-an ni òógùn ti ń fa omi rẹ̀, ọkàn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láìjẹ́ pé kẹ̀kẹ́ sáré. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà ní láti kọ́kọ́ rí dókítà, ẹni tí àyà bá sì ń fún lórí kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ dúró lójú ẹsẹ̀ kó sì lọ sí ọsibítù. Ẹni tó bá pa á tì fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, omi ẹ̀jẹ̀ yẹn ló kọ́kọ́ ń lọ. Kó padà sẹ́yìn díẹ̀ nígbà tó bá tún bẹ̀rẹ̀, kó má sá eré àsanpadà.

Nígbà wo wá ni kí olùbẹ̀rẹ̀ darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ tó ń gùn ní òpin ọ̀sẹ̀? Tó bá ti lè gùn ún fún wákàtí kan gbáko, tó ń sọ̀rọ̀ lọ, tí ara rẹ̀ sì gbà á láti tún jáde ní ọjọ́ kejì. Kó dúró sẹ́yìn àwọn yòókù. Ẹni iwájú ló ń la afẹ́fẹ́, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí sì lè fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin iṣẹ́ pamọ́, bí kò bá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó ń díje fún owó ní Yúróòpù pàápàá, ẹ̀yìn ara wọn ni wọ́n máa ń sá sí.