Àlàyé lórí Bí A Ṣe Ń Tọpa Òkúta Òfuurufú Tí Í Kọjá Nítòsí Ayé

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ nínú àpilẹ̀kọ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ olùkọ́ sáyẹ́ǹsì létí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti fún akẹ́kọ̀ọ́ ní àyọkà ìròyìn láti túmọ̀ nínú iṣẹ́ aáyan ògbufọ̀ yóò mọ̀ pé ohun tí kò bá yé olùkọ́ kò lè yé ọmọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ìròyìn òkúta kan tí wọ́n pè ní 2024 YR4 gba gbogbo ayé kan, a sì fi àyọkà kúkurú lórí rẹ̀ ṣe iṣẹ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì wa. Ohun tí a rí nínú ìwé wọn kọ wá lóminú. Àwọn kan kọ ọ́ pé ìràwọ̀ yóò jábọ́ sórí ayé. Àwọn mìíràn ní òṣùpá kékeré kan yóò pa Nàìjíríà run. Bẹ́ẹ̀ àyọkà náà kò sọ èyíkéyìí nínú rẹ̀. Bí a ti yẹ̀ ẹ́ wò, ibi méjì ni àṣìṣe náà ti wá: ọ̀kan láti inú orúkọ tí a fún nǹkan náà, èkejì láti inú atọ́ka àsìkò ọjọ́ iwájú, 'yóò'. Èkejì yìí ló léwu jù lójú wa.

Kí ni nǹkan náà gan-an? Láàárín Mars àti Jupiter, òkúta àti irin ńlá ńlá pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, tí wọ́n ń yí oòrùn po bí ayé wa náà ti ń yí i po. Àjẹkù ni wọ́n. Nígbà tí oòrùn àti àwọn tí ń yí i po ń dá, ní nǹkan bí 4,600,000,000 ọdún sẹ́yìn, wọ́n ṣẹ́ kù sílẹ̀ bí àfọ́kù búlọ́ọ̀kù ti í ṣẹ́ kù sí ẹ̀yìnkùlé nígbà tí a bá kọ́lé tán. Òun ni àwọn Òyìnbó ń pè ní asteroid. Àwọn kan nínú wọn ti yà kúrò lọ́nà àwọn ẹgbẹ́ wọn, tí ipa tiwọn sì ń gba tòsí wa kọjá. Èyí tí ipa rẹ̀ bá mú un súnmọ́ oòrùn tó 195,000,000 kìlómítà ni àwọn onímọ̀ ń kà mọ́ àwọn tí í wá sí tòsí ayé. (Àwa fúnra wa wà ní nǹkan bí 150,000,000 kìlómítà sí oòrùn.) Nígbà tí ọdún 2025 fi ń parí lọ, iye irú wọn tí a ti mọ̀ ti ju 40,000 lọ.

Ní ti orúkọ, a kò fara mọ́ 'ìràwọ̀'. Òótọ́ ni pé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ asteroid ni 'ohun tí ó dà bí ìràwọ̀'. William Herschel ló mú un wá ní 1802, nítorí pé bí ènìyàn bá fi awò awọ̀nàjíjìn ìgbà náà wò wọ́n, wọn kò ju ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kan lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ó jọra kò di ọ̀kan náà. Ìràwọ̀ ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀, ó sì tóbi ju ayé lọ fíìfíì. Òkúta yìí kò ní ìmọ́lẹ̀ kankan àfi èyí tí oòrùn bá tàn sí i lára. 'Ìràwọ̀ onírù' kò tọ́ sí i pẹ̀lú, nítorí pé yìnyín àti eruku ni ti ìyẹn, ooru oòrùn ló sì ń fa ìrù rẹ̀ jáde. Ohun tí a ń pè ní ìràwọ̀ tó já lóru kì í sábà ju hóró yanrìn lọ, tí ó ń jóná bí ó ti ń wọ inú afẹ́fẹ́ wa.

Bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí a pè é ní ẹdùn àrá. Ẹdùn àrá ní ipò tirẹ̀ lójúbọ Ṣàngó, a kò sì fẹ́ dá sí ìyẹn. Àwọn awalẹ̀pìtàn sì ti fi hàn pé àáké òkúta tí àwọn ènìyàn àtijọ́ gbẹ́ ni púpọ̀ nínú èyí tí a ń hú nínú ilẹ̀. Òkúta tó já láti òfuurufú gan-an kò ṣàì sí ní orílẹ̀-èdè wa. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá 1962, ọ̀kan tí ó wọn nǹkan bí kìlógíráàmù 18 já sínú oko ní Zagami, ní agbègbè Katsina, nítòsí àgbẹ̀ kan. Ìwádìí padà fi hàn pé ara Mars ló ti ṣẹ́ wá. Nítorí náà, 'òkúta òfuurufú' ni àwa ń kọ́ àwọn ọmọ wa. Bí ọmọ kan bá kọ 'òkúta ojú ọ̀run' nínú ìdánwò, a kò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi yọ máàkì rẹ̀.

Bí a ṣe ń rí wọn kò ṣòro láti ṣàlàyé. Awò awọ̀nàjíjìn a ya àwòrán apá ibì kan náà lójú ọ̀run lẹ́ẹ̀mẹ́rin, pẹ̀lú ìṣẹ́jú díẹ̀ láàárín ọ̀kan sí òmíràn. Ìràwọ̀ jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí ipò wọn kì í fi í yí padà nínú àwòrán mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kan bá wà tí ó ń ṣípò lọ díẹ̀ díẹ̀ láàárín wọn, òun ni a ń wá. Àwọn baba wa tí wọ́n ṣàkíyèsí pé àgùàlà a máa bá òṣùpá rìn, tí wọ́n sì tún ṣọ́ ọ títí wọ́n fi mọ̀ pé kì í ṣe ajá rẹ̀, irú iṣẹ́ yìí náà ni wọ́n ṣe. Ojú lásán ni wọ́n fi ṣe é.

Lóde òní, ẹ̀rọ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹgbẹ́ ATLAS, tí Yunifásítì Hawaii ń darí, ní awò ní Hawaii, ní Chile, àti ní Sutherland ní Gúúsù Áfíríkà. Ohun tí ẹnikẹ́ni bá rí, Minor Planet Center ní Cambridge, ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, ni yóò fi ránṣẹ́ sí. Wọn a kéde rẹ̀ kí àwọn mìíràn lè wò ó pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà ni àwọn oníṣirò ní California àti ní Frascati ní Ítálì yóò máa ṣírò ipa tí yóò tọ̀ fún ọdún pípẹ́.

Orúkọ tí wọ́n ń fún un dùn mọ́ àwa tí a ń kọ́ ọmọ ní orúkọ àmútọ̀runwá àti àbísọ. Orúkọ àkọ́kọ́ kò ju àmì ìgbà tí a rí i lọ. Wọ́n pín oṣù kọ̀ọ̀kan sí méjì, wọ́n sì fún ìdajì kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà kan láti A títí dé Y, wọ́n fo I. Y wá jẹ́ ìdajì kejì oṣù Kejìlá. Lẹ́tà kejì àti nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ ń sọ ipò tí ó wà láàárín àwọn tí a rí ní ìdajì oṣù náà. Fún àpẹẹrẹ, R ni ó ṣìkẹtàdínlógún, 4 sì fi hàn pé a ti ka lẹ́tà 25 yípo lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Nípa bẹ́ẹ̀ 2024 YR4 ni ìkẹtàdínlọ́gọ́fà ìdajì oṣù náà. Ìgbà tí ipa rẹ̀ bá dá wọn lójú tán ni wọ́n tó lè sọ ọ́ lórúkọ gidi, bíi Apophis.

Ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá 2024 ni awò ATLAS tó wà ní Chile rí 2024 YR4. Kò tóbi púpọ̀. Nǹkan bí mítà 60 ni wọ́n wá gbà pé ó jẹ́. Ìṣirò fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí ó kọlu ayé ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá 2032. Nígbà tí oṣù Kìíní 2025 fi ń parí lọ, ìṣeéṣe náà ti kọjá ọ̀kan nínú 100. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì, ó di ọ̀kan nínú 32, èyí tí irú rẹ̀ kò tíì ga tó bẹ́ẹ̀ rí fún òkúta tó tóbi tó o. Ibi tí ó lè já sí bí ó bá já jẹ́ ọ̀nà tóóró kan tó gùn láti Òkun Pàsífíìkì gba àríwá Gúúsù Amẹ́ríkà, ó sọdá Òkun Àtìláńtíìkì, ó gba àárín Áfíríkà kọjá lọ sí ìhà Íńdíà. Nàìjíríà wà lójú ọ̀nà náà. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà fi kan ilé wa. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé lẹ́yìn èyí, ìṣeéṣe náà ti já wálẹ̀ débi tí kò fi sí ìbẹ̀rù mọ́.

Àwọn ọmọ wa bi wá pé, bí kò bá ní kọlu wá, kí ló dé tí nọ́ńbà náà fi ń lọ sókè lákọ̀ọ́kọ́? Àwọn kan tilẹ̀ ní wọ́n fi òtítọ́ pamọ́ ni. Àpèjúwe tí a fi là wọ́n lójú nìyí. Jẹ́ kí a gbà pé ọkùnrin kan sọ owó nù sínú oko ebè 100, kò sì mọ ebè tí ó bọ́ sí. Ọ̀kan nínú ebè náà jẹ́ tiwa. Ìṣeéṣe pé inú ebè tiwa ni owó náà wà jẹ́ ọ̀kan nínú 100. A bẹ̀rẹ̀ sí tú ebè láti ìpẹ̀kun oko. A tú 68, a kò rí i. Ebè 32 ló kù, tiwa sì wà nínú wọn. Ìṣeéṣe ti di ọ̀kan nínú 32. Owó náà kò kúrò níbi tí ó wà, àwa ni ìmọ̀ wa ń pọ̀ sí i. Nígbà tí a bá tú ebè tiwa gan-an tí a kò bá nǹkan kan níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ di òfo lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀rọ̀ 2024 YR4 ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Alẹ́ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fi awò wò ó, ebè ni wọ́n ń tú.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí gírámà. 'Òkúta náà yóò kọlu ayé' jẹ́ gbólóhùn tó dán mọ́rán, ṣùgbọ́n irọ́ ni. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ yóò sọ pé kí ọmọ fi 'lè' rọ́pò 'yóò'. Ó sàn díẹ̀, kò sì tíì tó, nítorí pé 'lè' ní ìtumọ̀ méjì. Bí a bá ní 'Òkúta náà lè run ìlú kan', ṣé agbára rẹ̀ ni à ń sọ ni tàbí ìṣeéṣe? Ní ti agbára, òótọ́ ni, òkúta mítà 60 lágbára àtiba ìlú jẹ́. Ní ti ìṣeéṣe, ọ̀kan nínú 32 ni lọ́jọ́ tí ó ga jù. Ẹni tí kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀ yóò dẹ́rù ba ará ilé rẹ̀ lásán. 'Ó ṣeé ṣe kí ó kọlu ayé' ni àwa fara mọ́, kí a sì fi iye rẹ̀ tì í.

Iye náà sì tún ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Àwọn kan túmọ̀ 3 nínú 100 sí 'ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún'. Bí ẹni tí ń sọ ọ́ létí ẹlòmíràn bá gbàgbé ìdajì ẹ̀yìn, 'ìdámẹ́ta' ló kù, gbogbo wa sì mọ̀ pé ìdámẹ́ta nǹkan jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́ta. Báyìí ni ewu kékeré ṣe ń di ńlá lẹ́nu wa, tí a kò sì purọ́. 'Ọ̀kan nínú 32' kò ní irú wàhálà yìí. A rọ àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tó ń ṣe olùyẹ̀wò pé kí wọ́n ka 'yóò' tí kò yẹ sí àṣìṣe ìtumọ̀, bí gbólóhùn náà tilẹ̀ gún régé.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé kò séwu rárá. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejì 2013, òkúta tó tó mítà 20 bú gbàmù lókè Chelyabinsk ní Rọ́ṣíà. Nǹkan bí 1,500 ènìyàn ló fara pa, gíláàsì fèrèsé ló sì ṣe ọ̀pọ̀ wọn léṣe. Kò sẹ́ni tó rí i tẹ́lẹ̀, nítorí pé ìhà ibi tí oòrùn wà ló gbà wá, awò orílẹ̀ kò sì lè wo ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ 2008 TC3 yàtọ̀ sí èyí. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹwàá 2008 ni wọ́n rí i láti Arizona, kò ju mítà mẹ́rin lọ; wọ́n ṣírò rẹ̀, wọ́n ní aṣálẹ̀ Sudan ni yóò já sí kí ogún wákàtí tó pé. Ibẹ̀ náà ló sì já sí. Òun ni àkọ́kọ́ tí a rí kí ó tó já. Lóṣù Kejìlá ọdún náà, Peter Jenniskens àti Muawia Shaddad ti Yunifásítì Khartoum kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí aṣálẹ̀. Wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn, wọ́n ń wo ilẹ̀, títí wọ́n fi rí àfọ́kù rẹ̀. Inú wa dùn sí ìtàn yìí ju ti awò olówó iyebíye lọ.

Èyí tí a bá tètè rí tún ṣeé tì kúrò lọ́nà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án 2022, Amẹ́ríkà mọ̀ọ́mọ̀ fi ọkọ̀ òfuurufú DART kọlu òkúta Dimorphos, tí ó ń yí òkúta mìíràn po. Wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 55 ni ó fi ń yí i po tẹ́lẹ̀. Ìkọlù náà dín ìṣẹ́jú 32 kúrò níbẹ̀.

Ó ku ti Apophis, èyí tí àwọn ọmọ wa yóò lè fi ojú ara wọn rí. Ọdún 2004 ni wọ́n rí i. Ó ju mítà 300 lọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, wọ́n ní ìṣeéṣe pé yóò kọlu ayé ní 2029 tó ọ̀kan nínú 37, wọ́n sì tú ebè títí wọ́n fi rí i pé kò ní kọlu wá. Ní oṣù Kẹta 2021 ni wọ́n fi rédà wò ó láti Goldstone ní California: wọn a ju ìgbì rédíò lù ú, wọn a sì dúró de gbohùngbohùn rẹ̀, èyí tí yóò sọ bí ó ti jìnnà tó. Wọ́n wá sọ pé fún ọgọ́rùn-ún ọdún ó kéré tán, kò ní kọlu ayé. Níbí, 'yóò' tọ́: Apophis yóò kọjá ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, 13 oṣù Kẹrin 2029, ní nǹkan bí 32,000 kìlómítà sí ilẹ̀, èyí tí kò tó ìdákan nínú mẹ́wàá ọ̀nà òṣùpá. Ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú 46 alẹ́, ní aago Nàìjíríà, ni yóò súnmọ́ wa jù. Yóò dà bí ìràwọ̀ kékeré tó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Òṣùpá kò ní sí lójú ọ̀run lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyẹn yóò ràn wá lọ́wọ́, àfi bí òjò oṣù Kẹrin bá ṣú. Ibi tí iná mànàmáná kò ti pọ̀ ni kí a kó àwọn ọmọ lọ, kí ojú wọn sì ti mọ́ òkùnkùn fún bí ìdajì wákàtí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí wá a.