Bí Àpáta Olúmọ Ṣe Gba Orúkọ Rẹ̀
Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin ní Agége kò ní í pẹ́ dé Abẹ́òkúta, níbi tí àpáta Olúmọ wà. Kò ga tó òkè Kilimanjaro ní Tanzania, tí yìnyín wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wà nínú orúkọ rẹ̀. Àwọn kan ní Olúwa ló mọ ọ́n, bí amọ̀kòkò ṣe ń mọ ìkòkò. Àwọn mìíràn ní “Olú fi mọ” ni, ìyẹn ni pé Olúwa fi òpin sí ìyà. Lójú tiwa, èyí ló bá ìtàn mu jù: ogun ló lé àwọn Ẹ̀gbá kúrò nílé kí Ṣódẹkẹ́ tó kó wọn débẹ̀ lọ́dún 1830. Abẹ́ òkúta náà ni wọ́n sá sí. Òun náà ni wọ́n fi sọ ìlú wọn.