Ṣé O Mọ̀? Fáàrí Orí Oníkẹ̀kẹ́

Ṣé o mọ̀ pé ìṣẹ́jú àáyá 8 péré ló wà láàárín ẹni kìíní àti ẹni kejì nínú ìdíje kẹ̀kẹ́ Tour de France ọdún 1989, àti pé ọ̀rọ̀ irun àti akoto ò gbẹ́yìn níbẹ̀? Nígbà tí ọjọ́ ìkẹyìn mọ́, Laurent Fignon ọmọ Faransé fi ìṣẹ́jú àáyá 50 ṣíwájú Greg LeMond ọmọ Amẹ́ríkà. Kìlómítà 24.5 ló kù, láti Versailles wọ Paris, oníkálukú á dá tirẹ̀ gùn. LeMond dé akoto tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ṣóńṣó kí afẹ́fẹ́ lè máa yọ̀ kọjá, ó sì so irin mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kó lè na apá síwájú. Fignon ò dé nǹkan kan. Ó kó irun rẹ̀ sẹ́yìn, ó dì í, irun ń fẹ́ lẹ́lẹ́ nínú atẹ́gùn. Irun náà dára, a ò ní purọ́. Àmọ́ LeMond fi ìṣẹ́jú àáyá 58 yá jù ú lọ, ó sì gbé ife lọ. Títí di òní, ìdíje náà ò tíì rí àlàfo tó kéré tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí afẹ́fẹ́ ni LeMond ṣe dé tirẹ̀ o, kì í ṣe nítorí ìṣubú.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn eléré kẹ̀kẹ́ fúnra wọn ti fárígá nítorí akoto rí? Ní 1991, UCI, àjọ tó ń darí eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé, sọ ọ́ di dandan. Àwọn eléré kọ̀ jálẹ̀ níbi ìdíje Paris–Nice, àjọ náà sì jáwọ́. Ní July 1995, Fabio Casartelli ọmọ Ítálì, ẹni ọdún 24 tó ti gba góòlù Òlíńpíìkì ní Barcelona, ṣubú níbi tí wọ́n ti ń sọ̀kalẹ̀ lórí òkè Portet d'Aspet. Kò dé akoto. Ó kú lọ́jọ́ náà. Síbẹ̀, ìgbà tí Andrei Kivilev ọmọ Kazakhstan tún ṣubú, tó sì kú ní March 2003, ní Paris–Nice kan náà yẹn, ni UCI tó fi ọwọ́ dan-in dan-in mú un. Ní báyìí ńkọ́? Akoto ti wọ eléré kẹ̀kẹ́ lára débi pé ẹni tí kò bá dé e ló dà bí ẹni tó gbàgbé ṣòkòtò sílé.

Kó tó di 1975, ọ̀já awọ bíi mélòó kan tí wọ́n rán pọ̀ ni àwọn eléré ń dé. Ó gbayì lójú, àǹfààní rẹ̀ fún orí ò tó nǹkan. Ọdún náà ni ilé iṣẹ́ Bell ní Califọ́níà gbé Bell Biker jáde: ike líle lóde, fóòmù funfun nínú.

Ṣé o rántí January 2009? Ọjọ́ kìíní oṣù yẹn ni àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọlọ́kadà tí kò bá dé akoto ní Nàìjíríà, òun àti èrò ẹ̀yìn rẹ̀. (Ọ̀kadà kì í ṣe kẹ̀kẹ́ ológeere, mo mọ̀. Orí yàtọ̀ ni?) Akoto gidi gbówó lórí. Làwọn kan bá so okùn mọ́ igbá, wọ́n gbé e dérí. Àwọn mìíràn dé rọ́bà ọ̀dà. Ohun tí wọ́n fi ṣe ẹlẹ́yà nìyẹn káàkiri ayé, àmọ́ ti àwọn èrò ló yẹ ká gbọ́. Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lọ́dọ̀ onídìrí ò fẹ́ kí ohunkóhun tẹ̀ ẹ́ lórí. Ẹlòmíràn ń sá fún làpálàpá àti òógùn orí àjèjì. Àwọn kan sì ń bẹ̀rù pé wọ́n ti lè fi oògùn sí i nínú, pé ẹni tó bá dé e lè di àwátì. Èrò tó wé gèlè á fi ọwọ́ kan gbé akoto náà léfòó lórí gèlè, á fi èkejì di ọlọ́kadà mú. Ẹni tó ṣe òfin ronú nípa agbárí. Irun àti ẹ̀rù ò sí nínú ìṣirò rẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì kan ní Sweden ṣírò tiwọn. Ní 2005 ni òfin ibẹ̀ sọ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 gbọ́dọ̀ dé akoto lórí kẹ̀kẹ́. Anna Haupt àti Terese Alstin, tí wọ́n wà ní Yunifásítì Lund, wá ń wádìí ìdí tí àwọn àgbà kì í fi í dé tiwọn. Èsì wo ni wọ́n gbọ́? Ó ń ba irun jẹ́, kò bójú mu. Wọ́n bá ṣe Hövding, kọ́là tí à ń fi sọ́rùn bí ìborùn. Bí èèyàn bá ṣubú, àpò afẹ́fẹ́ á tú jáde nínú rẹ̀, á bo orí àti ọrùn kí ojú tó ṣẹ́. Ayé yìn wọ́n. Àmọ́ ní ìparí 2023, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà ní Sweden ní kí wọ́n dáwọ́ títà rẹ̀ dúró lórí ọ̀rọ̀ ààbò, ilé iṣẹ́ náà sì kógbá wọlé ní December. Ó dùn mí. Ìbéèrè tí wọ́n bi nígbà yẹn ṣì wà nílẹ̀.

Ní Los Angeles, Gloria Hwang dá ilé iṣẹ́ Thousand sílẹ̀ lẹ́yìn tí ìjàǹbá kẹ̀kẹ́ pa ẹnì kan tó sún mọ́ ọn. Akoto rẹ̀ jọ ti àwọn oní-alùpùpù ayé àtijọ́, ó sì ní ihò tí o lè gba ibẹ̀ fi àgádágodo so ó mọ́ kẹ̀kẹ́.

Ní Kánádà, Tina Singh, ìyá ọmọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n jẹ́ ẹlẹ́sìn Sikh, ò rí akoto tó gba òṣùṣù irun orí wọn. Ó ṣe tirẹ̀, ó yọ òkè rẹ̀ sókè fún irun. Ẹ̀yin ìyá oní-dàda, ẹ gbọ́?

Láti April 1, 2023, òfin Japan ní kí gbogbo oníkẹ̀kẹ́ gbìyànjú láti dé akoto, láìsí owó ìtanràn. Èyí tó jọ fìlà lásán wà lórí àtẹ níbẹ̀.

Ní Netherlands, tí kẹ̀kẹ́ pọ̀ sí bí nǹkan míì, orí lásán ni ọ̀pọ̀ jù lọ fi ń gùn ún.

Dúdú ni o, aláwọ̀ wúrà ni o, ìdánwò kan náà ni wọ́n ń ṣe fún akoto ní Yúróòpù. Wò ó nínú: àmì EN 1078 ni kó o rí níbẹ̀. Ti Amẹ́ríkà ni CPSC.

Ṣé o mọ̀ pé ṣùkú àti akoto kì í jọ gbélé? Àárín orí ni ṣùkú kóra jọ sí, á máa ti akoto sókè. Kòlẹ́sẹ̀ ló bá a mu, torí ó tẹ́ pẹrẹsẹ lọ sí ìpàkọ́. Ohun tó ń bí mi nínú jù ni àwọn tó ń ti akoto sẹ́yìn kí iwájú irun lè hàn. Fìlà la lè tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tàbí sẹ́yìn. Akoto gbọ́dọ̀ jókòó dọ́gba, kí ìka méjì péré wà láàárín rẹ̀ àti ìpéǹpéjú, kí okùn abẹ́ àgbọ̀n sì dì.

Fóòmù inú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n tuntun nínú páálí. Ó máa ń rún kí agbárí má baà fọ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì lè ṣiṣẹ́ yẹn dáadáa. Ike òde lè máa dán gbinrin nígbà tí inú ti rún. Nítorí náà, bí wọ́n bá ń fi akoto tòkunbọ̀ kan hàn ọ́ tó bá aṣọ rẹ mu rẹ́gí, béèrè bóyá olówó rẹ̀ ti ṣubú rí. Ọlọ́jà ò mọ̀. Má rà á.