Ṣé o mọ̀? Ará Kútọnu kò nílò físà kó tó wọ Magodo

Nínú àwọn tó ń ṣí géètì, tó ń fọṣọ, tó sì ń dáná nílé àwọn olówó Magodo ní Èkó, àwọn kan wá láti Kútọnu àti Togo. Àdéhùn ECOWAS ti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1979 ló fún wọn láyè láti wọlé: ọjọ́ 90 láìgba físà. Àmọ́ àdéhùn kì í fìgbà gbogbo gbani. Ní oṣù Kìíní ọdún 1983, ìjọba Ààrẹ Shagari fún àwọn àjèjì tí kò níwèé, tí ará Ghana pọ̀ nínú wọn, ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò ní Nàìjíríà. Ibẹ̀ ni báàgì onílà yẹn ti gba orúkọ “Ghana Must Go”. Ẹ̀san kẹ̀? Ọ̀sẹ̀ méjì náà ni Busia, olórí ìjọba Ghana, fún àwọn èèyàn wa níbẹ̀ lọ́dún 1969, ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà wà nínú wọn. Nítorí náà, bí o kò tilẹ̀ nílò físà, tóo bá ń lọ Lomé, mú páásípọ́ọ̀tù àti yẹ́lò káàdì (ìwé àjẹsára ibà pọ́njú) rẹ dání.