Mówà Àtijọ́: Bí A Ṣe Lè Tún Un Ṣe Nílé Láìfarapa

 

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìwé yìí ní kí n kọ nǹkan sí i, mo rò pé ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì ni wọ́n ń retí lẹ́nu mi. Kì í ṣe òun ni mo mú wá. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ agékoríko tí à ń fọwọ́ tì, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí mówà, ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ọ̀rọ̀ náà ju ti koríko lọ. Ọ̀rọ̀ ìka ọwọ́ àwọn ọmọ wa ni.

BÍ MÓWÀ ṢE DI TIWA

Ọdún 1976 ni ìjọba ológun ṣòfin pé Àbújá ni yóò jẹ́ olú-ìlú tuntun. Ní ọjọ́ kejìlá, oṣù Kejìlá, ọdún 1991, ìjọba àpapọ̀ kó kúrò ní Èkó wá síbí, ọ̀pọ̀ nínú àwa òṣìṣẹ́ ọba sì bá a kó wá. Nígbà tó di ọdún 2005, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í ta àwọn ilé rẹ̀ ní Àbújá fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbé inú wọn. Ilé di tiwa, koríko iwájú ilé náà sì di tiwa. Ẹni tó bá mọ òjò Àbújá mọ̀ pé láti oṣù Kẹrin títí di oṣù Kẹwàá, koríko tí a gé lónìí kì í pẹ́ tó fi ń dé orókún. Ibi tí koríko bá sì ga sí, ejò kì í jìnnà síbẹ̀.

Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ wa fi ra mówà tòkunbọ̀ nígbà náà. Èmi náà ra tèmi. Ẹ́ńjìnnì Briggs & Stratton ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló wà lórí rẹ̀. Lónìí, púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ló wà lẹ́yìn ilé tí adìẹ ń yé ẹyin sábẹ́ wọn. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí náírà ti já wálẹ̀, tuntun ti di ohun tí apá ẹni tó fẹ̀yìn tì kò fẹ́ ká mọ́. Àtúnṣe ló kù.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ náà ju agbára yín lọ. Ní ọdún 1830, ní ìlú Stroud ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Edwin Budding ń bá ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń hun aṣọ onírun àgùntàn. Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó ń fá irun ojú aṣọ kó lè jọ̀lọ̀. Ó rò ó pé ohun tó lè fá irun aṣọ lè fá koríko, bí mówà àkọ́kọ́ ṣe dáyé nìyẹn. Ní ọdún 1952, Mervyn Victor Richardson ní ìlú Sydney, ní Ọsirélíà, fi àlòkù irin ṣe mówà nílé ara rẹ̀, agolo èso píìṣì ló sì fi ṣe táńkì epo rẹ̀. Òun ni mówà Victa tó wá di olókìkí. Inú ilé ni ẹ̀rọ yìí ti wá. A lè tún un ṣe nínú ilé.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ ÀGBÀLÁ MI

Mówà tí mo rà ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan lókè, lára ibi tí a ń dì mú. A gbọ́dọ̀ di irin yìí mọ́ ọwọ́ ẹ̀rọ kí ẹ́ńjìnnì tó lè ṣiṣẹ́. Bí a bá ti jọ̀wọ́ rẹ̀, ẹ́ńjìnnì á kú, bíléèdì á sì dúró. Lójú mi nígbà náà, wàhálà lásán ni. Mo fi wáyà so ó mọ́ ọwọ́ ẹ̀rọ pátápátá, mo sì ń yangàn pé mo gbọ́n ju òyìnbó tó ṣe é lọ.

Ní ìgbà òjò ọdún 2011, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní àdúgbò wa ń bá mi gé koríko. Iṣẹ́ télọ̀ ló ń kọ́. Koríko tútù há sábẹ́ ẹ̀rọ, ẹ́ńjìnnì sì kú fúnra rẹ̀. Mo pè é láti ojú fèrèsé pé, "Ọmọ mi, dà á dẹ̀gbẹ́, kó o fa koríko yẹn jáde." Ó ní, "Ó dáa, Bàbá." Ó ti bíléèdì díẹ̀ kí koríko lè já. Ẹ́ńjìnnì tó ṣì gbóná ṣáná, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn gé orí ìka àárín ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ dànù.

Mo sanwó ìtọ́jú rẹ̀, àwọn òbí rẹ̀ sì foríjì mí. Ó parí ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀, ó ń ránṣọ títí di òní. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí mo bá rí bó ṣe ń di abẹ́rẹ́ mú, mo máa ń rántí pé èmi ni mo rán an níṣẹ́ yẹn.

Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà nìyí. Bíléèdì àti ẹ́ńjìnnì jọ wà lórí ọ̀pá irin kan náà ni. Ẹni tó bá yí bíléèdì, bí ẹni fa okùn ẹ́ńjìnnì ló rí. Irú mówà yìí kò ní bátìrì tí a lè yọ. Àgbá irin kan ń yí lórí ẹ́ńjìnnì, wọ́n ń pè é ní fíláwíìlì, mágínẹ́ẹ̀tì sì wà lára rẹ̀. Nígbàkigbà tí mágínẹ́ẹ̀tì yìí bá sáré kọjá níwájú kọ́ìlì, púlọ́ọ̀gì á rí iná. Irin tí mo fi wáyà so yẹn ló yẹ kó pa iná náà. Òfin Amẹ́ríkà ní kí bíléèdì gbogbo mówà ilé tí wọ́n bá ṣe lẹ́yìn ọjọ́ 30, oṣù Kẹfà, ọdún 1982, dúró láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tí a bá ti jọ̀wọ́ irin náà.

Lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ jókòó ti àwọn mẹkáníìkì ní Apo ní ọjọ́ Sátidé, kí n lè kọ́ iṣẹ́ yìí dáadáa. Ohun tí mo kọ́ jù ni pé mówà tó gbéra tí kò mọ̀ ọ́n dúró, kò tíì sàn.

KÍ ẸNIKẸ́NI TÓ FỌWỌ́ KÀN ÁN

Ẹ yọ wáyà orí púlọ́ọ̀gì, kí ẹ sì gbé e jìnnà sí púlọ́ọ̀gì náà. Èyí ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ nígbà gbogbo, ì báà jẹ́ koríko díẹ̀ lẹ fẹ́ gbọ̀n. Lẹ́yìn náà, ẹ dá epo bẹntiróòlù inú rẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì ní ìta gbangba, jìnnà sí jẹnẹrétọ̀, sítóòfù àti sìgá. Bí ẹ bá fẹ́ dà á dẹ̀gbẹ́, ẹ jẹ́ kí kabúrétọ̀ kọjú sókè, kí ọ́ìlì má bàa ṣàn wọ inú fílítà. Ẹ má ṣe tan ẹ́ńjìnnì nínú yàrá tàbí gáréèjì tó wà ní títì. Irú èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ń pa odindi ìdílé lójú oorun náà ni tirẹ̀.

OHUN MẸ́TA TÍ ẸŃJÌNNÌ Ń BÉÈRÈ

Bí mówà bá kọ̀ láti gbéra, àwọn mìíràn á máa fa okùn títí yóò fi já. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ohun mẹ́ta ni ẹ́ńjìnnì ń béèrè: epo tó mọ́ pẹ̀lú afẹ́fẹ́, iná láti ẹnu púlọ́ọ̀gì, àti ìfúnpọ̀ tó lágbára nínú rẹ̀.

Epo àti afẹ́fẹ́: Epo tó bá ti wà nínú táńkì fún oṣù mélòó kan máa ń dì bí oje igi, á sì dí ihò kékeré inú kabúrétọ̀. Èyí ló ń fa ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àìgbéra mówà tó ti pẹ́ nílẹ̀. Ẹ tú kabúrétọ̀, ẹ fi epo tuntun fọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi fọ́nrán wáyà bàbà kan ṣoṣo la ihò rẹ̀. Ẹ má ṣe fi abẹ́rẹ́ là á, nítorí irin líle á fẹ ihò náà, ẹ́ńjìnnì á sì máa mu epo bí ọ̀mùtí. Bí fílítà rẹ̀ bá jẹ́ ti fóòmù, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ eruku ọyẹ́ inú rẹ̀, ẹ sá a kó gbẹ, ẹ kán ọ́ìlì díẹ̀ sí i, kí ẹ sì fún un.

Iná: Ẹ tú púlọ́ọ̀gì, ẹ nu ẹnu rẹ̀. Àlàfo ẹnu rẹ̀ fún irú ẹ́ńjìnnì tèmi jẹ́ 0.76 mìlímítà. Ẹ dá a padà sínú wáyà rẹ̀, ẹ gbé ara irin rẹ̀ ti irin ẹ́ńjìnnì níbi tó jìnnà sí ihò púlọ́ọ̀gì, kí ẹnì kan di irin òkè yẹn mú, kí ẹ sì fa okùn. Ó yẹ kí ẹ rí iná aláwọ̀ búlúù. Ọ̀pọ̀ ló ti sọ kọ́ìlì tó dára nù nítorí pé wọ́n gbàgbé láti di irin yẹn mú nígbà tí wọ́n ń yẹ iná wò. Bí iná kò bá sí síbẹ̀, ẹ fi sáńpépà nu ìpẹtà ara mágínẹ́ẹ̀tì àti kọ́ìlì. Àlàfo tó wà láàárín àwọn méjèèjì kò gbọ́dọ̀ ju nínípọn káàdì pélébé tí a ń kọ orúkọ àti iṣẹ́ wa sí lọ.

Ìfúnpọ̀: Ẹ yọ wáyà, ẹ dá púlọ́ọ̀gì padà sí ihò rẹ̀, ẹ di irin òkè mú, kí ẹ sì rọra fa okùn. Ó yẹ kó ta kò yín. Bó bá rọ̀ bí okùn kànga tí korobá ti já kúrò lẹ́nu rẹ̀, inú ẹ́ńjìnnì ló ti jẹ. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti pe mẹkáníìkì.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì náà ṣe pàtàkì. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní "I pass my neighbour" ti mọ́ wa lára, èyí tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ mówà kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá rí ihò ọ́ìlì lọ́tọ̀ lára ẹ́ńjìnnì, epo nìkan ni kí ẹ bù sí táńkì, kí ẹ sì bu ọ́ìlì sí ihò tirẹ̀. Tèmi ń gba nǹkan bíi 0.6 lítà ọ́ìlì SAE 30, mo sì ń pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 25 iṣẹ́.

KÍÌ KÉKERÉ TÓ Ń GBÀ WÁ LÁ

Láàárín fíláwíìlì àti ọ̀pá tó gbé bíléèdì, irin kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní kíì. Irin tó rọ̀ ni, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀. Bí bíléèdì bá gbá òkúta tàbí kùkùté, kíì yìí ni yóò gé kí ọ̀pá má bàa ṣẹ́. Bó bá ti gé, àní díẹ̀, iná púlọ́ọ̀gì kò ní í bọ́ sí àkókò mọ́. Okùn á máa já gbà lọ́wọ́ yín, tàbí kí ẹ́ńjìnnì kọ̀ jálẹ̀ bó tilẹ̀ ní epo àti iná. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi ìṣó rọ́pò kíì. Ẹ má gbà. Ìṣó kì í gé. Lọ́jọ́ tí bíléèdì bá tún gbá òkúta, ọ̀pá ni yóò san gbèsè rẹ̀.

BÍLÉÈDÌ ÀTI ARA Ẹ̀RỌ

Bí ẹ bá ń pọ́n bíléèdì, ẹ tẹ̀ lé bí ẹnu rẹ̀ ṣe dagun tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ihò àárín rẹ̀ kọ́ ìṣó ara ògiri. Bí apá kan bá rẹlẹ̀ ju èkejì lọ, ẹ tún apá tó wúwo pọ́n títí méjèèjì yóò fi dọ́gba, nítorí bíléèdì tí kò dọ́gba á máa gbọn ẹ̀rọ jìgìjìgì títí nǹkan yóò fi tú. Èyí tó bá ti wọ́ tàbí tó ti sán, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ má ṣe fi òòlù lù ú, ẹ má sì gbé e lọ fún wẹ́ldà. Ara ẹ̀rọ tó ti dípẹtà ni kí ẹ gbé lọ fún wẹ́ldà, kí ẹ sì kùn ún lọ́dà.

ÀYẸ̀WÒ ÌKẸYÌN

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti parí, ẹ gbé mówà sí ìta, kí ọmọdé kankan má sí nítòsí. Ẹ tan án, kó ṣiṣẹ́ díẹ̀, kí ẹ sì jọ̀wọ́ irin òkè. Ẹ kà á: oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Bó bá kọjá ẹẹ́ta tí kò dúró, ẹ má tíì gé koríko. Ẹ wo bíréèkì ẹ́ńjìnnì àti wáyà tó so ó mọ́ irin náà. Bí wáyà bá ti dípẹtà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Mówà tí wọ́n bá ti ṣe kí òfin 1982 tó dé lè má ní irin yìí rárá. Irú èyí, àgbàlagbà nìkan ni kó máa lò ó.

Nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró ní ìparí oṣù Kẹwàá, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì mu gbogbo epo inú rẹ̀ tán kí ẹ tó bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí òjò bá padà dé, ẹ ó rí i pé kò ní í fún yín ní wàhálà.

Àwọn aládùúgbò máa ń fi mí ṣẹ̀rín pé mo ń bẹ̀rù mówà bí ẹni bẹ̀rù ejò. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ yín. Nígbà tí ẹ bá délé lónìí, ẹ wo ẹ̀yìn ilé yín. Bí ẹ bá rí mówà tí wọ́n fi wáyà tàbí okùn so irin òkè rẹ̀, ẹ tú u kí ẹ tó jókòó jẹun.

Ọlọ́run kò ní í jẹ́ kí iṣẹ́ tí a rán ọmọ wa di ẹkún fún wọn. Àmín.