Kí ló dé tí oògùn apakòkòrò fi ń tètè pa kòkòrò sílíkì ilé ju ti igbó lọ?

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, bí ìyá yín bá ṣì ní ojúlówó sányán àtijọ́ nínú àpótí, ẹ yọ ọ́ wò. Inú ilé tí kòkòrò kan tó ń jẹ́ Anaphe hun sórí igi nínú igbó ni wọ́n ti rí òwú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sin kòkòrò yẹn, òun ló ń wá oúnjẹ ara rẹ̀.

Ti àwọn ará Ṣáínà yàtọ̀. Ó ti tó nǹkan bíi 5,000 ọdún tí wọ́n ti mú kòkòrò sílíkì tiwọn, Bombyx mori, wọlé láti ara kòkòrò igbó tó ń jẹ́ Bombyx mandarina. Ẹbí ṣì ni wọ́n, kódà wọ́n lè gun ara wọn kí wọ́n sì bímọ. Ewé igi mulberry ni àwọn méjèèjì ń jẹ. Ṣùgbọ́n bí oògùn apakòkòrò bá kan ewé náà, ti ilé ló máa ń kọ́kọ́ kú.

Ọ̀kan lára oògùn tí wọ́n ń fín sí igi mulberry ní Ṣáínà ni phoxim. Ìdílé kan náà ni òun àti dichlorvos tí àwa mọ̀ nínú ọ̀tapíàpíà. Bí iṣan kan bá fẹ́ ránṣẹ́ sí èkejì nínú ara kòkòrò, ó máa ń tú èròjà kan jáde. Tí iṣẹ́ bá ti dé, èròjà mìíràn tó ń jẹ́ acetylcholinesterase á nu ti àkọ́kọ́ kúrò. Èyí tó ń nu nǹkan yìí gan-an ni oògùn máa ń dì mú. Iṣẹ́ tí iṣan ń jẹ́ ò wá ní dáwọ́ dúró mọ́, bíi fèrè ọkọ̀ tó há tí dírẹ́bà ò rí pa. Kòkòrò á máa gbọ̀n, á máa bì, á sì kú.

Ti igbó ńkọ́? Orí igi tí wọ́n ń fín lòun ń gbé, ọ̀tá sì ni lójú àgbẹ̀. Àwọn tí oògùn ò lè di èròjà inú iṣan wọn mú dáadáa, àti àwọn tí ara wọn ń tètè fọ́ májèlé túútúú, àwọn ló ń ṣẹ́kù, àwọn náà ló ń bímọ. Kì í ṣe pé oògùn ti mọ́ ọn lára o! Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀fọn lórí ètò wa, ohun táwọn èèyàn máa ń pè wá sọ nìyẹn, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tí kò lágbára ló ti kú tán.

Kòkòrò ilé ò rí irú ìdánwò yẹn. Ewé tó mọ́ ni wọ́n ń já wá fún un. Òwú púpọ̀ ni ẹni tó ń sìn ín ń wá, kò bi í bóyá ó lè gba májèlé mọ́ra. Àfòpiná rẹ̀ ò tilẹ̀ lè fò mọ́.

Ibi tó ti ń dun àgbẹ̀ nìyí: aládùúgbò á fín oògùn sí oko ìrẹsì, atẹ́gùn á gbé e sórí mulberry. Májèlé díẹ̀ tí kò pa kòkòrò gan-an lè má jẹ́ kó hun òwú. Ẹni tó ti já ewé fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin á wá pàdánù gbogbo rẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ ní àríwá Ítálì nígbà tí wọ́n ń fín fenoxycarb sí oko èso. Ìdílé oògùn mìíràn nìyẹn, ṣe ló ń sọ fún ara kòkòrò pé kò tíì dàgbà. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń sanra, wọn ò hun nǹkan kan.

Wọ́n lè fi ti igbó gun ti ilé kí agbára wọ inú ìran wọn, àmọ́ òwú ti igbó kò tó nǹkan, kì í sì í jókòó sójú kan. Ní báyìí ná, ohun tí ọlọ́gbọ́n nínú àwọn tó ń sìn wọ́n máa ń ṣe ni pé wọ́n á já ewé díẹ̀, wọ́n á fún kòkòrò mélòó kan jẹ. Bí wọn ò bá gbọ̀n, tí wọn ò sì bì, ìgbà yẹn ni wọ́n á tó fún àwọn yòókù.